Ìgbà wo gan-an ló yẹ ká já ọmọ ẹṣin lẹ́nu ọmú?

Ilé tí wọ́n bá ti já ọmọ ẹṣin lẹ́nu ọmú, ará ilé náà kì í rí oorun sùn lóru ọjọ́ ọ̀hún. Ọmọ á máa yán níbi tí wọ́n fi í sí, ìyá á máa dá a lóhùn láti ibi tí wọ́n mú un lọ, títí ilẹ̀ á fi mọ́. Àwọn àgbà tó ti sin ẹṣin rí mọ ohùn yìí dáadáa. Ọ̀pọ̀ wọn gbà pé bó ṣe máa ń rí nìyẹn, pé tó bá máa fi di ọjọ́ kẹrin, ọmọ á ti gbàgbé ọmú, á sì dojú kọ oúnjẹ. Òótọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo òótọ́. Ọmọ ẹṣin mìíràn wà tó jẹ́ pé láti ọjọ́ náà ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í rù, tí irun ara rẹ̀ á le gbágbágbá, tí ìgbẹ́ rẹ̀ á sì di omi. Òmíràn á gbójú lé igi ibùjẹ, á máa fi eyín dì í mú láti àárọ̀ dalẹ́, àṣà náà kò sì ní fi í sílẹ̀ títí yóò fi darúgbó. Bí ẹ bá wádìí ọ̀rọ̀ irú ẹṣin bẹ́ẹ̀ wò, ó ṣeé ṣe kí ẹ bá a pé wọ́n já a lẹ́nu ọmú kí àsìkò tó tó, tàbí kó jẹ́ pé àsìkò tó, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é ni kò dára.

Ẹnikẹ́ni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ará Òkè Ọya nìkan lèyí, kó tún un rò. Lóòótọ́, láti ayé Ọ̀yọ́ Ilé ni ẹṣin ti ń gba Òkè Ọya wọ ilẹ̀ Yorùbá. Ẹṣin ni Ọ̀yọ́ fi jagun tí ilẹ̀ rẹ̀ fi gbòòrò nínú ọ̀dàn, ẹṣin náà sì ni Ìlọrin gbójú lé kí Ìbàdàn tó ṣẹ́gun wọn ní Òṣogbo ní nǹkan bí ọdún 1840. Ohun tí kò jẹ́ kí ẹṣin gbilẹ̀ nínú igbó ni eṣinṣin tí òyìnbó ń pè ní tsetse, tó máa ń gbin àìsàn sínú ẹ̀jẹ̀ ẹran. Robin Law, òpìtàn tó tẹ ìwé jáde lórí ẹṣin ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ní 1980, fa ọ̀rọ̀ yìí yọ dáadáa. Rírà ni àwọn bàbá wa ń ra ẹṣin, bíbí rẹ̀ nílé kò wọ́pọ̀. Ìdí nìyẹn tí ìmọ̀ gígun ẹṣin àti ṣíṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ fi pọ̀ lọ́dọ̀ wa ju ìmọ̀ títọ́ ọmọ rẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n nǹkan ń yí padà. Ojúde Ọba tí wọ́n ń ṣe ní Ìjẹ̀bú-Òde ń gba ẹṣin púpọ̀, Durbar Ìlọrin náà ń gbà á, àwọn tó ń gbá pólò ní Ìbàdàn àti Èkó kò sì dúró lẹ́yìn. Owó ẹṣin ti wọ́n kọjá àfẹnusọ. Ẹni tó bá ra abo ẹṣin, tó wá bá oyún nínú rẹ̀ tàbí tó jẹ́ kí akọ gùn ún, ọrọ̀ ló wọlé tọ̀ ọ́ yẹn. Ẹni náà ni ọ̀rọ̀ òní kàn jù lọ.

Oṣù 11 ni abo ẹṣin fi ń lóyún, ọmọ kan ṣoṣo ló sì sábà máa ń bí. Ọmọ tó bá le á ti dìde dúró láàárín wákàtí 1, á ti rí ọmú mu láàárín wákàtí 2. Wàrà tó kọ́kọ́ jáde, èyí tó ki tí àwọ̀ rẹ̀ sì pọ́n díẹ̀, kì í ṣe oúnjẹ lásán. Abo ẹṣin kò dà bí obìnrin, tó máa ń fi ọmọ ogun ara ránṣẹ́ sí ọmọ láti inú oyún. Inú wàrà àkọ́kọ́ yẹn ló kó gbogbo wọn sí, bí wákàtí 24 bá sì ti kọjá, ìfun ọmọ kò lè gbà wọ́n wọlé mọ́. Ọmọ ẹṣin tí kò bá rí wàrà yẹn mu, ọ̀rọ̀ jíjá lẹ́nu ọmú kọ́ ló kàn án, bí yóò ṣe yè ló kàn án, kí ẹni tó ni ín sì tètè wá dókítà ẹranko.

Lẹ́yìn èyí, ìyá á máa sun wàrà tó tó ìdá 2 sí ìdá 3 nínú 100 ìwọ̀n ara rẹ̀ lójúmọ́. Ẹṣin tó bá wọn 300 kílò á sun bíi lítà 6 sí 9 nìyẹn. Nǹkan bí oṣù kejì ni wàrà máa ń pọ̀ jù lọ. Láti oṣù kẹta ló ti ń fà sẹ́yìn, tí ohun aṣaralóore inú rẹ̀ náà sì ń dín kù, bẹ́ẹ̀ ìgbà yẹn gan-an ni ọmọ ń dàgbà bí ewé ìsáná. Nígbà tí ọmọ ẹṣin bá fi pé oṣù 6, gíga rẹ̀ á ti lé ní ìdá 80 nínú 100 gíga tó máa ga láyé rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwọ̀n ara rẹ̀ kò tíì tó ìdajì. Egungun ló ń nà lásìkò náà, egungun sì ń bèèrè ohun tí wàrà ìyá nìkan kò lè fún un mọ́.

Ibí yìí ni iye oṣù tí gbogbo ayé ń sọ ti wá. Ní ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ti ń sin ẹṣin, láàárín oṣù 4 sí oṣù 6 ni wọ́n ń já ọmọ lẹ́nu ọmú, oṣù 6 sì ni ọ̀pọ̀ ń dì mú bí òfin. Òfin ènìyàn ni, kì í ṣe ti ẹṣin. Ẹṣin tí kò sí lábẹ́ àkóso ẹnikẹ́ni máa ń jẹ́ kí ọmọ mu ọmú títí yóò fi kù díẹ̀ kó bí òmíràn. Ní 2020, àwọn onímọ̀ kan tẹ ìwádìí jáde lórí àwọn ẹṣin ilé tí wọ́n fi sílẹ̀ pẹ̀lú ọmọ wọn láìdá sí wọn. Láàárín oṣù 9 sí oṣù 10 ni ọ̀pọ̀ àwọn ìyá náà fúnra wọn gba ọmú lẹ́nu ọmọ. Kò sí ariwo, kò sí eré sísá kiri ọgbà, ìyá àti ọmọ ṣì ń jẹko pa pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Bóyá ìyá lóyún mìíràn tàbí kò lóyún wà lára ohun tó ń mú kí ọjọ́ náà yá tàbí kó pẹ́.

Kí ló wá dé tí a kò fi ní fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀? Ẹni tó bá ní koríko tó pọ̀, tí kò kánjú, tí ìyá ẹṣin rẹ̀ sì sanra, kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn kò rí bẹ́ẹ̀. Abo ẹṣin máa ń tún fẹ́ akọ ní nǹkan bí ọjọ́ 7 sí 10 lẹ́yìn tó bímọ. Bí oyún bá dúró nígbà yẹn, tí ọmọ ilẹ̀ bá máa fi pé oṣù 6, oyún inú ti lé ní oṣù 5. Ẹnu kan ló ń jẹ fún ẹ̀mí 3 yẹn. Oṣù 3 tó kẹ́yìn oyún sì ni ọmọ inú máa ń dàgbà jù, ó yẹ kí ìyá ti sinmi díẹ̀ kó tó dé ibẹ̀. Èyí ni ìdí tó jọjú jù lọ fún gbígba ọmú lẹ́nu ọmọ ní oṣù 5 tàbí 6. Ìdí mìíràn tó wà, pé ẹni tó ni ẹṣin fẹ́ tètè ta ọmọ tàbí kó fẹ́ gun ìyá lọ sóde, ire ẹni tó ni ẹṣin nìyẹn, kì í ṣe ti ẹṣin.

Àwọn ìyá wa mọ ohun tí à ń sọ. Tí wọ́n bá fẹ́ gba ọmú lẹ́nu ọmọ, wọn kì í kàn ka oṣù lórí ìka. Wọn á wò ó bóyá ọmọ ń jẹ ẹ̀kọ àti ọ̀lẹ̀ dáadáa, bóyá ara rẹ̀ dá, bóyá kì í ṣe ìgbà tí eyín ń yọ lọ́wọ́. Ẹlòmíràn á fi ewúro ra orí ọmú, ẹlòmíràn á gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà fún ọjọ́ mélòó kan. Irú ojú yẹn náà ló yẹ ká fi wo ọmọ ẹṣin.

Ohun àkọ́kọ́ ni kí ẹ wo ẹnu rẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ 1 àkọ́kọ́ ni eyín iwájú 2 àárín, lókè àti nísàlẹ̀, máa ń jáde, èyí tó tẹ̀ lé wọn á sì jáde ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 6. Láti ìgbà yẹn ló ti ń já koríko jẹ pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Ẹ̀rù á ba ẹlòmíràn tó bá rí ọmọ ẹṣin tó ń jẹ ìgbẹ́ ìyá rẹ̀. Kí ẹ má nà án. Inú ìgbẹ́ náà ló ti ń rí àwọn kòkòrò àìfojúrí tí ikùn rẹ̀ nílò láti fi da koríko, àṣà náà á sì dáwọ́ dúró fúnra rẹ̀ tó bá dàgbà díẹ̀. Kìkì pé kí ẹ rí i pé ìyá ti lo oògùn aràn.

Tó bá ti di oṣù kejì tàbí ìkẹta, ó yẹ kí ọmọ ní oúnjẹ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ọ̀nà tó rọrùn jù ni kí ẹ fi igi ṣe ààlà sí igun kan nínú ọgbà, kí àlàfo rẹ̀ jẹ́ ibi tí ọmọ lè bẹ̀rẹ̀ wọ̀ tí ìyá kò sì lè gbà. Ọkà bàbà tàbí jéró tí wọ́n là, èèrí ọkà, sóyà tí wọ́n ti yan, àti ewé ẹ̀pà gbígbẹ pẹ̀lú iyọ̀ díẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló wà lọ́jà wa. Ewé ẹ̀pà yìí, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ló ń sun ún nínà lóko lẹ́yìn ìkórè, bẹ́ẹ̀ àwọn ará Òkè Ọya ń dì í tà fún ẹlẹ́ran. Díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ẹṣin tó ń wọn 120 kílò, tó bá ti ń jẹ oúnjẹ ọkà tó tó kílò 1 lójúmọ́ tàbí kó lé díẹ̀, láìka koríko mọ́ ọn, tí kò sì ṣu omi, ẹnu rẹ̀ ti ń sọ fún yín pé òun lè dá dúró. Èyí tó jẹ́ pé ó kàn ń fi imú tú oúnjẹ ká, tó sáré padà sídìí ọmú, kò tíì tó, ì báà ti pé oṣù 7.

Ẹ tún wo ibi tó ń dúró sí. Ọmọ ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kì í kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, ó sì lè mu ọmú ní ìgbà mélòó kan láàárín wákàtí 1. Bó ṣe ń dàgbà ni yóò máa jìnnà, tí yóò máa bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré, tí mímu ọmú á sì máa dín kù. Kí ẹni tó ni ẹṣin jókòó sábẹ́ igi ní ìrọ̀lẹ́ kan, kó ka iye ìgbà tí ọmọ fi ẹnu kan ọmú láàárín wákàtí 2. Kíkà yẹn wúlò ju kíka oṣù lọ.

Àwọn kan wà tó yẹ kí wọ́n dúró pẹ́ sí i: ọmọ tí wọ́n bí láìpé ọjọ́, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbádùn lẹ́yìn àìsàn, èyí tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń hàn síta. Àwọn mìíràn wà tí kò yẹ kí wọ́n dúró. Bí ìyá bá rù tó bẹ́ẹ̀ tí eegun ìbàdí rẹ̀ yọ síta, bó ń ṣàìsàn, tàbí tó ń ta ọmọ nípàá tó sì ń gé e jẹ, gbígba ọmú lẹ́nu ọmọ ní oṣù 4, àní nígbà mìíràn ní oṣù 3, lè gba ẹ̀mí àwọn méjèèjì là. Ọmọ tó sanra jù náà wà níbẹ̀. Tí ìyá bá ń sun wàrà rẹpẹtẹ, tí ọmọ ń yára ki ju bí egungun rẹ̀ ṣe lè gbé e lọ, oríkèé ẹsẹ̀ rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Kí dókítà wò ó, ó ṣeé ṣe kó ní kí ẹ yára gba ọmú náà, kí ẹ sì dín ọkà kù.

Àwa tí à ń gbé níhìn-ín tún ní ohun kan tí àwọn òyìnbó tó ń kọ ìwé kì í rò mọ́ ọn, òun ni ẹ̀ẹ̀rùn. Ọmọ ẹṣin tí wọ́n bí nínú oṣù Kẹrin, nígbà tí òjò ń bẹ̀rẹ̀, á pé oṣù 5 nínú oṣù Kẹsàn-án, á pé 6 nínú oṣù Kẹwàá. Lẹ́yìn náà ni koríko á gbẹ, tí ọyẹ́ á sì dé. Ẹni tó bá já a lẹ́nu ọmú nínú oṣù Kejìlá láìní ewé ẹ̀pà àti ọkà nípamọ́, inú ebi ló tì í sí. Ó sàn kó ṣe é nínú oṣù Kẹsàn-án tí koríko ṣì tutù, bí ọmọ bá ti ń jẹun dáadáa, tàbí kó kó oúnjẹ jọ kó tó dán an wò. Ọmọ tí wọ́n bí nínú oṣù Kọkànlá rọrùn ju ìyẹn lọ, nítorí pé koríko tútù á ti wà nílẹ̀ nígbà tó bá pé oṣù 6.

Ṣùgbọ́n òjò náà ní tirẹ̀. Nínú òjò ni kòkòrò pọ̀. Àrùn tí òyìnbó ń pè ní African horse sickness, kòkòrò tíńtín tó ń jẹ ẹṣin lóru ló ń gbé e kiri, ó sì lè pa ẹṣin láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ààbò tí ọmọ rí gbà nínú wàrà àkọ́kọ́ ìyá tí ara rẹ̀ mọ àrùn náà máa ń tán láàárín oṣù 3 sí oṣù 6. Àsìkò tí wọ́n ń gba ọmú gẹ́lẹ́ nìyẹn. Àìsàn eṣinṣin tsetse náà máa ń lúgọ sínú ẹ̀jẹ̀ títí ara ẹran yóò fi rọ̀ kó tó yọjú. Nítorí náà, kí ẹ má kó ìyà jọ sórí ọmọ ẹṣin lọ́jọ́ kan. Abẹ́rẹ́ àjẹsára, oògùn aràn, títẹ̀ ní ọ̀dà, gbígbé e sínú ọkọ̀ lọ sí ìlú mìíràn, kí gbogbo rẹ̀ ti wáyé ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú, tàbí kó dúró di ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀. Ilé ìwòsàn ẹranko wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ìṣègùn ẹranko sì wà ní Yunifásítì Ìlọrin àti ní FUNAAB l'Ábẹ́òkúta, a lè bèèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ wọn.

Ọ̀rọ̀ ọdún ló kù. Ọdún Lárúbáwá fi bí ọjọ́ 11 kúrú sí ti òyìnbó, nítorí náà Iléyá kì í dúró lójú kan. Ní 2025, ọjọ́ 6 oṣù Kẹfà ló bọ́ sí, Ojúde Ọba sì wáyé ní ọjọ́ 8. Ẹ jẹ́ ká sọ pé abo ẹṣin ẹnì kan bí ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta ọdún náà. Oṣù 3 ni ọmọ rẹ̀ pé lọ́jọ́ tí ìlù ń dún. Akọ ẹṣin ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fẹ́ gùn lọ sóde, ṣùgbọ́n ẹni tó jẹ́ abo nìkan ló ní, tàbí tó fẹ́ yá a fún ẹni tó máa sanwó, á máa rò ó pé kí òun kúkú gba ọmú lẹ́nu ọmọ náà. Ẹlòmíràn á ní ọjọ́ 2 péré ni, òun á dá ìyá padà. Ọjọ́ 2 yẹn, ọmú ìyá á kún á sì wú nínú ìlù àti ìbọn, ọmọ á wà nílé á máa sáré lu ògiri. Ìlú gbọ́ pé lágbájá kò gun ẹṣin lọ́dún yìí, ìyẹn kò pa ẹnikẹ́ni. Àdánù ọmọ ẹṣin ló le, nítorí pé oṣù 11 mìíràn ni wọ́n á tún fi dúró de òmíràn.

Bí ọjọ́ bá wá tó lóòótọ́, ọ̀nà tí wọ́n á gbà ṣe é ló kù. Àwọn darandaran mìíràn máa ń so ẹ̀gún mọ́ imú ọmọ màlúù kí ìyá má bàa gbà á láyè. Kò yẹ ọmọ ẹṣin. Èyí tó sì wọ́pọ̀ jù, pé kí wọ́n fà á kúrò lẹ́yìn ìyá lójijì, kí wọ́n tì í mọ́ inú yàrá òun nìkan kó máa ké, òun gan-an ló burú jù. Ní 2002, àwọn onímọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ ohun tí wọ́n rí lára ọmọ ẹṣin 225 tí wọ́n fi ọdún 4 tọ pa. Àwọn tí wọ́n fi sínú ilé lẹ́yìn tí wọ́n gba ọmú lẹ́nu wọn ní ìwà òdì ní ìlọ́po 2 ju àwọn tí wọ́n fi sílẹ̀ nínú pápá koríko lọ. Àwọn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rọ oúnjẹ ọkà fún lẹ́yìn tí ọmú kúrò lẹ́nu ń fi eyín di igi mú ní ìlọ́po 4. Bàtà tó bọ́ sí ẹnu ọ̀nà wa nìyí, nítorí pé inú yàrá tóóró lẹ́yìnkùlé ni ọ̀pọ̀ ẹṣin ìlú ń gbé.

Ẹni tó bá ní abo ẹṣin mẹ́ta tàbí mẹ́rin pẹ̀lú ọmọ wọn, kó kó gbogbo wọn papọ̀ sínú pápá kan. Tí wọ́n bá ti mọ ara wọn, kó mú ìyá kan kúrò, ìyá ọmọ tó dàgbà jù tó sì gbójú jù. Ọmọ á ké díẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tó mọ̀ ló wà, láàárín ẹni tó mọ̀. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ 1, kó mú ìyá kejì. Kó fi àgbà ẹṣin kan tó níwà tútù sílẹ̀ láàárín àwọn ọmọ náà, torí ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré. Ìyá ni kí wọ́n mú kúrò, kì í ṣe ọmọ.

Ẹni tó jẹ́ ìyá kan ọmọ kan ló ní, tí ó sì pọ̀ nínú wọn lọ́dọ̀ wa, kó fi pákó tàbí igi tó nípọn la ọgbà sí méjì. Kí wọ́n máa rí ara wọn, kí wọ́n máa gbóòórùn ara wọn, ṣùgbọ́n kí ẹnu ọmọ má lè dé ọmú. Wáyà ẹlẹ́gùn-ún kò gbọdọ̀ sí níbẹ̀ rárá, ọmọ ẹṣin tó ń sáré nínú ìpayà kì í rí i. Lẹ́yìn ọjọ́ 7 sí 10, wọ́n lè mú ìyá lọ sí ibi tó jìnnà. Kí ó wá alábàágbé fún ọmọ náà ṣáájú. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ lè ṣe é, ewúrẹ́ pàápàá sàn ju àìsí ẹnikẹ́ni lọ. Kó sì ti kọ́ ọmọ náà láti wọ ìjánu, láti máa tẹ̀ lé ènìyàn, àti láti jẹ́ kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ wò, nígbà tí ìyá ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Wọn kì í sábà ro ti ìyá. Láti bí ọ̀sẹ̀ 1 ṣáájú ni kí wọ́n ti dín ọkà rẹ̀ kù, kó máa jẹ koríko gbígbẹ nìkan títí wàrà á fi gbẹ. Ọmú á wú, á le, á sì máa dun ún fún ọjọ́ mélòó kan. Kí ẹ má fún un dànù nítorí àánú, torí bí ẹ bá ṣe ń fún un ni òmíràn á ṣe máa sun. Rírìn káàkiri ló ń ràn án lọ́wọ́. Àfi tí ọmú náà bá gbóná janjan, tí apá kan wú ju èkejì lọ, tí ìyá kò sì jẹun mọ́, ìgbà yẹn ni kí ẹ pe dókítà, ó lè jẹ́ pé ọyún ti wà nínú rẹ̀.

Tó bá tó ọ̀sẹ̀ 6 tàbí kó lé díẹ̀, tí ọmú ti gbẹ pátá, wọ́n lè tún pàdé. Ẹni tó bá kánjú dá wọn pọ̀ ní ọ̀sẹ̀ kejì, iṣẹ́ di àtúnṣe, torí ọmọ á padà sídìí ọmú, wàrà á sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í sun. Ẹ dúró tì wọ́n lọ́jọ́ náà, kí ẹ di okùn ọmọ mú díẹ̀. Á gbóòórùn ìyá rẹ̀, ìyá á lá a lórí, lẹ́yìn náà ni yóò fi imú wá abẹ́ ikùn rẹ̀ lọ. Bí ìyá bá gbé ẹsẹ̀ sókè sí i, tí ọmọ yíjú padà síbi koríko, ẹ tú okùn náà sílẹ̀.